Ohun Tó Ń Tẹ̀lé Abẹ́rẹ́

Bí ẹ bá gbé aago tó ti kú lọ bá Akim Atúnaagoṣe ní Marcory nílùú Abidjan, kò ní kọ́kọ́ ṣí i. Yóò kọ́kọ́ da ìbéèrè bò yín. Níbo lẹ máa ń gbé e sí tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn? Ọwọ́ wo lẹ fi ń so ó? Ṣé ẹ kì í wọ̀ ọ́ fọṣọ? Àwọn oníbàárà mìíràn á fajú ro, wọ́n á ní aago làwọn gbé wá, àwọn ò wá ṣe ìdánwò. Akim á ṣì máa béèrè. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń jókòó sẹ́yìn tábìlì kékeré yẹn nítòsí ọjà, pẹ̀lú awò dúdú tó ń há sójú ọ̀tún, ohun tó sì mọ̀ dájú ni pé ìbéèrè kì í ba aago jẹ́, ìkánjú ló ń bà á jẹ́. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Abidjan ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n kó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún ni ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ sì fi í ránṣẹ́ sílé, sí Ẹjìgbò, sọ́dọ̀ Raliatou ẹ̀gbọ́n Akim obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ọkọ. Raliatou ló tọ́ ọ. Òun ló mú un lọ sílé-ìwé, òun ló ń jí i jẹ sààrì, òun náà ló ń dì í mú sẹ́sẹ̀ bí àwọn alábẹ́rẹ́-àjẹsára bá wọ àdúgbò. Akim ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún kó tó padà sí Abidjan wá kọ́ṣẹ́, ìdí nìyẹn tí Yorùbá rẹ̀ fi ki, tí àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí Marcory sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará oko ni Papa.

Ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́fà, oògùn oníhóró ló sì ń lò sí i. Lọ́dún 2007, Micheline, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn oníṣúgà ní ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí, wo ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, ó mi orí. Ó ní oògùn oníhóró kò ká a mọ́, abẹ́rẹ́ ló kù, Akim fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa gún ara rẹ̀ nílé, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó gbé sitílò kan jáde tó rí bíi bírò ìkọ̀wé, irú èyí tí oògùn ti wà nínú rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹlòmíràn á ti bú sẹ́kún. Akim gba sitílò, ó gbé e sétí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí rẹ̀, kí-kí-kí, ojú rẹ̀ sì ń dán.

Ó béèrè iye eyín tó wà nínú rẹ̀. Ó béèrè bóyá irin ni àbí ike. Micheline ní èèyàn tí òun ti kọ́ ní sitílò yìí kò níye, kò tíì sẹ́ni tó bi òun nípa eyín rẹ̀ rí. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe fi ìka méjì ká awọ ikùn jọ, bí yóò ṣe ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, tí yóò tẹ ìdí sitílò, tí yóò sì ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá kó tó fà á yọ. Dix-huit, ìyẹn ìwọ̀n méjìdínlógún, láàárọ̀; dix, ìyẹn mẹ́wàá, nírọ̀lẹ́. Ó kìlọ̀ fún un pé bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró. Bó bá jù ú nù, ojú ni yóò kọ́kọ́ lọ, ẹ̀mí yóò sì tẹ̀lé e. Akim gbọ́ ọ dáadáa. Kí ni atúnaagoṣe fẹ́ fi ayé ṣe láìsí ojú?

Ìròyìn dé Ẹjìgbò pé Akim ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ṣúgà. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí Raliatou fi wọ bọ́ọ̀sì. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko kọjá bọ́dà mẹ́rin, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò gààrì àti ẹ̀rù tó wúwo ju gààrì lọ. Irú àìsàn yìí gan-an ni Màmúdù ọkọ rẹ̀ ní. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún fún òun náà, sìríńjì ni wọ́n sì ń lò nígbà yẹn. Kò tó oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá a lórí ẹní láàárọ̀ ọjọ́ kan, òógùn bò ó, kò sì jí mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Raliatou ti gbà pé abẹ́rẹ́ ló pa ọkọ òun, kò sì sẹ́ni tó lè gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ má rò pé ó wá jà o. Raliatou kì í jà, ìtọ́jú ló fi ń ṣẹ́gun èèyàn. Láàárọ̀, Fatimata ìyàwó Akim á ti jáde lọ sí Riviera, níbi tó ti ń ta léèsì láti ilé dé ilé. Raliatou á ti po ọ̀gì tí kò ní ṣúgà, á ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì, á ti gbé omi kaná. Bí Akim bá ti gún ara rẹ̀ tán báyìí, á ti táwẹ̀lì bọ omi gbígbóná, á fún un, á sì fi jó ojú abẹ́rẹ́ náà títí ibẹ̀ á fi rọ̀, bí gbogbo ìyá ti ń ṣe fún ọmọ tí wọ́n bá gún lábẹ́rẹ́. Ó ní kí àwọn dókítà gún un bó ṣe wù wọ́n, kò ní wú níṣojú òun. Akim á dijú. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta tó ti ń hewú, á tún padà di ọmọ kékeré, ó sì ń dùn mọ́ ọn, kí la fẹ́ fi irọ́ ṣe.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Akim wà lẹ́nu iṣẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ó ṣàdédé rí i tí àwọn ìdè kéékèèké inú àwo rẹ̀ ń jó. Òógùn tútù bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fẹ́ pe ẹni tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ahọ́n kọ̀. Wọ́n sáré ra sucrerie, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí gbogbo Abidjan ń mu, wọ́n rọ ọ́ sí i lẹ́nu, ojú rẹ̀ sì là. Micheline ní ṣúgà rẹ̀ ló já wálẹ̀ jù, ó dín oògùn kù. Kò pẹ́, ó tún ṣubú. Fatimata ní ó dá òun lójú pé ọkọ òun, Bàbá Faïçal, máa ń gbàgbé pé òun ti gún un, á sì tún un gún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìlà ara sitílò wò ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì epo. Kò rí àṣìṣe kankan.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló burú. Níṣojú oníbàárà méjì, Akim forí sọ etí tábìlì, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, aago ara ògiri tí ẹnì kan jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọ́. Ọjọ́ méjì ni ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, Raliatou kò sunkún. Ó jókòó tì í, ó fọ ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní kó tó sọ̀rọ̀.

“Bó o bá tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, wàá ju nǹkan yẹn nù, wàá sì bá mi relé. Mo ti sin ọkọ. Mi ò ní sin ọmọ.”

Akim jẹ́jẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ yóò mọ̀ pé kò lè ṣe kó má jẹ́jẹ̀ẹ́, kò sì lè yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Micheline wà létí rẹ̀. Ìṣubú kan péré ló kù láàárín òun àti ìparí ayé òun, bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó ń bì í ṣubú. Ẹ̀rù bà á, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe é ju ẹ̀rù lọ ni pé ó fẹ́ mọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n débi pé kò lè jẹun dáadáa.

Sitílò ló kọ́kọ́ fura sí. Ó tú èyí tó ti tán palẹ̀, ó ka eyín rẹ̀, ó fi awò wò ó, kò rí eyín tó jẹ. Ó mú tuntun, ó tẹ dix sínú ìgò ìwọ̀n kékeré kan tó yá lọ́wọ́ Micheline, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, oògùn náà sì dé orí ìlà gẹ́lẹ́. Fatimata pariwo pé ó ti fi oògùn ṣòfò. Akim ní òun ti dá sitílò láre, ó sì yẹ kí inú gbogbo wọn dùn. Inú Fatimata kò dùn.

Ó padà lọ bá Micheline. Micheline bi í ní gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì ń béèrè: ohun tó ń jẹ, bó ṣe ń rìn, bó bá ń wẹ omi gbígbóná, ibi tó ń tọ́jú oògùn sí. Ó bi í pé kí ló máa ń ṣe lẹ́yìn tó bá gún un tán. Akim ní òun máa ń jẹun. Ó ní kí ló tún ń ṣe? Akim ní kò sí. Micheline yá a ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ó ní kó máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀rọ yìí ni Akim fi rí ohun ìyanu. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ àwọn ọjọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ohun tí ẹ̀rọ sọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tún rántí àwọn ọjọ́ tó ti ṣubú. Kò ṣubú ní Ọjọ́bọ̀ rí. Kò ṣubú ní ọjọ́ Àìkú rí. Kàkà bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí Micheline ti dín oògùn kù, ṣe ni ṣúgà rẹ̀ máa ń ga lọ́jọ́ méjèèjì yìí. Oògùn kan náà, ọ̀gì kan náà, ìrìn kan náà. Ta ló sọ fún oògùn pé òní Ọjọ́bọ̀ ni? Akim jókòó, ó ń wo ògiri, oníbàárà dé, ó lọ, kò rí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ pé aago tó ń sáré lónìí tó sì ń tọ́ lọ́la, kì í ṣe inú rẹ̀ ló bàjẹ́. Ibi tí wọ́n ń gbé e sí ni kéèyàn lọ wò.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, ó pinnu láti ṣọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ilé dákẹ́. Fatimata ti lọ sí Riviera. Raliatou náà ti jáde lọ sí Treichville láti ìdájí, sọ́dọ̀ àwọn ìyá alásàlátù tó ń bá ṣe àdúà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Àìkú. Akim jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń sọ ohun tó ń ṣe síta: mo yọ ìdérí, mo yí i, mo ká ṣẹ́ẹ̀tì sókè, mo gún un, mo ka ẹ̀wá, mo fà á yọ, mo dé e. Ìgbà tó yá ló ṣàkíyèsí pé òun ṣì jókòó síbẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ṣì wà láyà, ojú òun wà ní dídì.

“Kí ni mo ń dúró dè?” ó bi ara rẹ̀.

Yéè! Ó la ojú, ó wo sítóòfù. Kò sí omi lórí rẹ̀. Kò sí táwẹ̀lì.

Wọ́n ti bi í léèrè, ó ní kò sí, kò sì purọ́. Ta ló máa ń ka irú èyí mọ́ ohun tí èèyàn ń ṣe? Bí ẹnì kan bá bi yín pé kí lẹ ṣe láàárọ̀, ṣé ẹ ó sọ pé ẹ mí èémí? Abẹ́rẹ́ àti omi gbígbóná, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú Akim láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Micheline ẹ̀wẹ̀ kò bá wọn dàgbà ní Ẹjìgbò, kò lè mọ ohun tó yẹ kó béèrè.

Ṣùgbọ́n Akim kì í gba ohun tí kò tíì dán wò gbọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó jẹ́ kí Raliatou jó ojú abẹ́rẹ́ dáadáa, ó sì kó kóró ṣúgà mẹ́ta sápò. Ní wákàtí kan lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ sọ pé zéro soixante-deux, ṣúgà rẹ̀ ti já wálẹ̀ jù. Ó ju ṣúgà sẹ́nu kíá. Ní Sátidé, ó ní òun ti pẹ́, ó de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì, ó sá jáde kí táwẹ̀lì tó dé. Un trente, kò já wálẹ̀ rárá. Ní Mọ́ńdè, ó tún gbà kí wọ́n jó o: zéro cinquante-cinq, ó tún já wálẹ̀. Ní Túsìdé, ó tún sá. Un vingt-cinq, kò já wálẹ̀. Raliatou ń ṣe hàáà, ó ń béèrè ohun tó ń lé e. Akim ò lè wo ojú rẹ̀. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ó gbé àwọn nọ́ńbà náà lọ fún Micheline, ó sì ròyìn táwẹ̀lì. Micheline ya ẹnu, kò lè pa á dé. Ó ní inú ọ̀rá ikùn ni oògùn yẹn ń wà, díẹ̀díẹ̀ ló sì yẹ kó máa wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí ooru bá kan ibẹ̀, tí èèyàn tún ń tẹ̀ ẹ́, á rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní láti òní lọ, gbogbo Ànàgó, ìyẹn Yorùbá, tó bá wọlé wá ni òun yóò bi ní ọ̀rọ̀ omi gbígbóná. Akim rẹ́rìn-ín títí dé ẹnu ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn, orí rẹ̀ wú, ó ti rí i! Ojú òun kò ní lọ, ẹ̀mí òun kò ní lọ, òun kò sì ní kó ṣọ́ọ̀bù lọ sí Ẹjìgbò.

Etí títì ni ẹ̀rín náà ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu, níbi tó ti ń dúró kí àwọn takisí aláwọ̀ ọsàn kọjá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí Màmúdù ni. Ta ló ń jó ojú abẹ́rẹ́ fún Màmúdù?

Ó dúró síbẹ̀ títí, títì dá, kò sọdá. Kò dá a lójú, kò lè dá a lójú láéláé. Òkú kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gún Màmúdù jù, ó lè jẹ́ pé ebi ló wà nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí òun bá ti la ẹnu pé táwẹ̀lì ló ń bi òun ṣubú, Raliatou kò ní wá ìdí mìíràn fún ikú Màmúdù. Bí òun kò bá sì là á, táwẹ̀lì ń bọ̀ lọ́la, ó ń bọ̀ lọ́túnla. Ìgbà mélòó lèèyàn lè sá fún ìyá tó tọ́ ọ nínú iyàrá kan ṣoṣo? Àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é débi tí omi fi lé sí i lójú. Ó kàn dà bíi pé kó má tiẹ̀ wádìí ohunkóhun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Raliatou gbé àwo omi wá bó ṣe máa ń gbé e wá. Akim kò tíì gún ara rẹ̀. Ó gbá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn inú sitílò yìí kò fẹ́ ooru. Tí ooru bá ti kàn án, á sáré. Òun ló ń bì mí ṣubú.”

Táwẹ̀lì ń kán tó-tó sílẹ̀. Raliatou kò mú ojú kúrò lójú rẹ̀.

“Ti Màmúdù ńkọ́?”

“Ìyẹn yàtọ̀,” ni Akim yára dáhùn. “Oògùn àtijọ́ nìyẹn, ti sìríńjì. Ooru kì í ṣe é ní nǹkan kan.”

Raliatou fún táwẹ̀lì náà títí omi fi tán lára rẹ̀, ó sá a. Ó gbé àwo omi náà jáde lọ dà nù sẹ́yìn ilé, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Akim ń tẹ́tí, kò gbọ́ ẹkún, kò gbọ́ ohùn rárá. Nígbà tó wọlé padà, ó fa àpótí sún mọ́ ọn, ó jókòó.

“Akim, o ò mọ irọ́ pa láti kékeré.”

Akim la ẹnu. Raliatou gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́.

“A jẹ́ pé abẹ́rẹ́ náà kò jẹ̀bi,” ni ó wí. “Mú un wá. Kọ́ mi.”

Akim sọ fún un pé òun lè gún un fúnra òun. Raliatou na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Akim fi sitílò lé e. Ó fi bí wọ́n ṣe ń yí i hàn án, bí wọ́n ṣe ń ká awọ jọ, ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Obìnrin tí kò fẹ́ rí abẹ́rẹ́ sójú láti ọjọ́ tó ti sin ọkọ rẹ̀ ká ṣẹ́ẹ̀tì àbúrò rẹ̀ sókè, ó fi ìka méjì ká awọ ikùn jọ, ó ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ó tẹ ìdí sitílò, ó ń kà á sókè, ení, èjì, ẹ̀ta, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ẹ̀wá. Ó fà á yọ. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ti ń lọ sí ojú abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ kó tó rí i. Ó dá a dúró lójú ọ̀nà, ó fi í sábẹ́ itan, ó sì jókòó lé e.